Ohun Tó Wu Ojú Ẹni: Ilé Ṣíṣe Lọ́ṣọ̀ọ́ Bíi ti Faransé

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ilé kíkọ́, nítorí àwọn tí ó mọ̀ nípa búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì jù mí lọ pọ̀; ohun tí à ń kó sínú ilé lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ ọ tán, tàbí lẹ́yìn tí a bá ti san owó ọdún fún onílé, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, pàápàá jù lọ àṣà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ti Faransé, èyí tí ó ti gbòde kan láàárín wa báyìí tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń ti ẹni tí kò bá ní díẹ̀ nínú rẹ̀ ní pálọ̀.

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun, tàbí tí ẹ bá dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, ẹ ó bá àga ńlá kan níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju orí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ lọ, tí wọ́n fi aṣọ àrán bò, tí wọ́n sì fi bọ́tìnì tẹ aṣọ náà mọ́ fóòmù láti òkè délẹ̀. Àga ọba ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kó irú àga bẹ́ẹ̀ wálé lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti tábìlì àárín àti kọ́tìnì tí ó bá a mu, tí wọ́n sì fi ọ̀rá tí òǹtajà fi wé e sílẹ̀ lára rẹ̀ fún ọdún gbáko kí eruku má bàa bà á jẹ́, tí baálé àti ìyàwó ilé ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde, tí wọ́n fi pálọ̀ sílẹ̀ fún àlejò. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i. Owó ti jáde, ilé ti kún, síbẹ̀ ẹni tí ó ni ilé kò rí ibi jókòó sí nínú rẹ̀.

Àga ẹlẹ́sẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ yẹn ní orírun lóòótọ́. Àṣà ìgbà Louis kẹẹ̀ẹ́dógún ni, ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ ilẹ̀ Faransé láti 1715 títí di 1774. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀, Louis kẹrìndínlógún, yóò fi gun orí ìtẹ́, ojú àwọn ènìyàn ti ń kúrò lára ohun tó tẹ̀, ẹsẹ̀ àga wá nà tààrà, wọ́n fín ilà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára láti òkè délẹ̀, ẹ̀yìn àga di bìrìkìtì, wọ́n sì ń fi ọ̀dà funfun tàbí àwọ̀ eérú kun púpọ̀ nínú wọn. Ní àárín ọ̀rúndún kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà Paris sọ ọ́ di òfin pé kí olúkúlùkù ọ̀gá máa fi irin lu orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ àga tí ó bá ṣe, kí a lè mọ ọwọ́ tí ó ṣe é. Èmi a máa rántí òfin yẹn nígbà tí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n to àga ọba sí, nítorí àga tí ó wà níbẹ̀ ti kó ẹsẹ̀ baba-ńlá pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọmọ-ọmọ, ó ti da góòlù lé gbogbo rẹ̀ lórí, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé ohun tí àwọn Faransé ṣe ní ìdí, bí a bá sì mọ ìdí náà, a lè mú èyí tí ó wúlò fún wa kí a sì fi èyí tí kò wúlò sílẹ̀. Ẹ wo dígí. Láàárín 1678 sí 1684 ni Louis kẹrìnlá kọ́ gbọ̀ngàn dígí sínú ààfin rẹ̀ ní Versailles: fèrèsé 17 kọjú sí ọgbà, àyè 17 tí wọ́n fi dígí 357 kún sì wà ní ògiri tí ó dojú kọ wọ́n. Ọlá ni ọba fi ń hàn, kò sí àní-àní, nítorí dígí wọ́n gan-an nígbà náà, ọ̀dọ̀ àwọn ará Venice ní Ítálì ni ìmọ̀ rẹ̀ sì ti wá. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tún ni wọ́n ń wá, ní ìgbà tí kò sí iná mọ̀nàmọ́ná, tí ó jẹ́ pé àbẹ́là ni a fi ń ríran lálẹ́. Àwa tí a wà ní Minna, tí a mọ bí iná ṣe ń lọ tí ó sì ń bọ̀, ìdí yẹn yé wa ju bí ó ti yé ọ̀pọ̀ ará Paris lónìí lọ. Bí pálọ̀ rẹ bá ní fèrèsé kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ pé ògiri ilé ẹnì kejì ni fèrèsé náà dojú kọ, gbé dígí gbọọrọ kan kọ́ sí ògiri tí ó kọjú sí fèrèsé, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ga ju ẹ̀yìn àga lọ, kí o sì rí i pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò bọ́ sínú rẹ̀ tààrà kó má bàa máa ta ènìyàn lójú. Ìwọ yóò rí i pé yàrá náà yóò mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yóò sì pẹ́ díẹ̀ sí i kí o tó tan iná. Férémù dígí náà lè jẹ́ igi lásán. Káfíńtà àdúgbò lè kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù. Aṣọ òwú tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí, tí gbogbo ayé ń pè ní ti Faransé lónìí, láti Íńdíà ni ó ti kọ́kọ́ bá ọkọ̀ òkun wá, ó sì wọ àwọn ènìyàn lójú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó ń hun ṣẹ́dà àti irun àgùntàn nílé fi ké gbàjarè tọ ọba lọ, tí ọba sì fi òfin dè é ní 1686 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kó o wọ̀lú. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni òfin náà fi wà, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yéé wá aṣọ náà kiri ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n tú òfin náà ní 1759, ọdún kejì rẹ̀ kò tíì parí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní ilẹ̀ Jámánì, Christophe-Philippe Oberkampf, fi dá ilé-iṣẹ́ aṣọ títẹ̀ sílẹ̀ ní Jouy-en-Josas lẹ́bàá Versailles, níbi tí aṣọ Jouy tí ó lókìkí ti jáde: aṣọ funfun tí wọ́n fi àwọ̀ kan ṣoṣo, ìbá à ṣe pupa, ìbá à ṣe ti aró, ya ìtàn sí lára, àwọn olùṣọ́-àgùntàn lábẹ́ igi, àwọn ọmọdé tí ó ń ṣeré, àní nígbà tí ènìyàn kọ́kọ́ fi bàlúùnù ńlá gòkè lójú ọ̀run ní ilẹ̀ Faransé ní 1783, kò pẹ́ tí àwòrán bàlúùnù fi dé ara aṣọ náà. Ọgbọ́n Íńdíà ni, ọwọ́ ọmọ Jámánì ló ṣe é, ó sì di ti Faransé nítorí pé àwọn Faransé mọ ohun tí wọ́n fẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní adìrẹ ẹlẹ́kọ nínú àpótí, ẹ̀yin tí ẹ ti Abẹ́òkúta, abẹ́ Olúmọ, wá, tàbí láti Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ẹ mọ̀ pé àwọn ìyá aláró tiwa ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an. Nínú irú adìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1929 ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ yà sí ara aṣọ. Nínú èyí tí a ń pè ní Olóba, àjọ̀dún tí wọ́n ṣe fún ọba Gẹ̀ẹ́sì àti olorì rẹ̀ ní 1935 ni ó wà níbẹ̀. Àwọ̀ kan ṣoṣo lórí funfun, ìtàn ìgbà tí ó ń lọ lọ́wọ́, ọwọ́ tí kò kánjú. Nítorí náà, bí ọkàn rẹ bá ń fà sí aṣọ aláwòrán ti Faransé, yọ Ìbàdàndùn ìyá rẹ jáde, gbé e lé orí àga funfun kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà tààrà, kí o sì wò ó bóyá ohun tí ojú rẹ ń wá ti wà nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn ènìyàn wa kan ti ṣe irú àṣàyàn yìí ṣáájú wa, ẹṣin iwájú sì ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, àwọn Faransé ṣe ìjọba níbẹ̀ títí di 1960, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà wá sì ti kọ́ ilé tiwọn sí ìlú náà. Bí ènìyàn bá rìn nínú àdúgbò àtijọ́ níbẹ̀, yóò rí fèrèsé onípákó aláwẹ́ méjì tí wọ́n ń ṣí sí ìta, yóò rí òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ yí ojú fèrèsé ká, yóò sì rí mọ́sáláṣí ńlá kan tí ìrísí rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Brazil. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé, yóò bá agbo ilé pẹ̀lú àgbàlá láàárín rẹ̀, bí àwọn baba wa ṣe máa ń kọ́ ọ. Wọ́n gba ojú fèrèsé lọ́wọ́ àlejò, wọn kò fi àgbàlá wọn sílẹ̀.

Ooru kì í sì í ṣe ohun tí àwọn Faransé kò rò nípa rẹ̀. Ní 1949, Jean Prouvé, ọ̀gá oníṣẹ́ irin kan láti Nancy, ṣe ilé kan tí a lè tú kí a sì tún tò, irin àti panu alumíní ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger tí ó múlé gbè wá; méjì mìíràn sì dé Brazzaville ní 1951. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ilé náà ká, pátákó tí a lè yí padà sì wà níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti dá oòrùn dúró kí afẹ́fẹ́ sì lè wọlé. Wọn kò ṣe púpọ̀, nítorí owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ní 2007 wọ́n ta ọ̀kan nínú ti Brazzaville ní gbàǹjo ní New York ní iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Bí a bá wá ní kí a tẹ̀lé Faransé, ẹ jọ̀wọ́, ó yẹ kí a lè tẹ̀lé èyí tí ó bọ̀wọ̀ fún oòrùn, dípò kí a fi àrán nípọn-nípọn bo fèrèsé ní Minna nínú oṣù kẹta ọdún.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń mọ ohun tí ó wu òun gan-an? Àwọn àgbà ní ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tí ó bá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ó kọ́kọ́ yí ojú rẹ̀ ká nínú ilé rẹ̀ kí ó tó dé ọjà. Kí ni o ti ní ju ẹyọ kan lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí o rà á? Ife wo ni ọwọ́ rẹ máa ń lọ bá nígbà tí ife mẹ́fà wà níbẹ̀? Igun wo ni o máa ń jókòó sí nígbà tí àlejò bá ti lọ, tí gèlè ti kúrò lórí, tí bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀? Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í parọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó ń wò ọ́ nígbà tí o ń ṣe wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni kí o tó mú àwòrán ilé Faransé tí ó wù ọ́, ìbá à jẹ́ nínú ìwé, ìbá à jẹ́ lórí fóònù, kí o sì fi ìka tọ́ ohun tí ó wù ọ́ nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti ń tọ́jú owó fún àga ọba láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí a jókòó ti àwòrán tí ó fẹ́ràn jù, tí mo ní kí ó fi ọwọ́ bo àga inú rẹ̀, ó ní yàrá náà ṣì wu òun. Mo ní kí ó fi ọwọ́ bo kọ́tìnì, ó ní ó ṣì wu òun. Nígbà tí ó fi ọwọ́ bo ògiri, ojú rẹ̀ yí padà. Ògiri funfun tí kò mọ́ jù, tí ó fi díẹ̀ jọ àwọ̀ wàrà, àti àyè tí ó ṣófo láàárín àga àti ògiri, ni ohun tí ó ti ń wá láti ìgbà yìí wá. Garawa ọ̀dà ló rà, ó kó àga méjì jáde fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé, owó àga ọba sì wà nínú àpò rẹ̀ títí di òní. Ẹlòmíràn yóò ṣe bẹ́ẹ̀, yóò sì rí i pé ara ẹsẹ̀ àga kọ́lọkọ̀lọ yẹn gan-an ni ọkàn òun wà. Kò burú, kí ó ra ọ̀kan, kí ó gbé e sí ibi tí ojú yóò ti rí ẹsẹ̀ náà dáadáa, kí ó má fi tábìlì dí i. Aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lápá, a fún ni lẹ́sẹ̀. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń báni mu.

Ẹ má fi ojú kéré àwọn káfíńtà wa. Mo ti dúró ti ọ̀kan ní Jikpan, àdúgbò wa ní Minna, nígbà tí ó ń ṣe ẹsẹ̀ àga: ó kọ́kọ́ ya ẹsẹ̀ náà sórí páálí, ó gé páálí, ó tẹ́ ẹ lé igi, ó fi pẹ́ńsùlù yí i ká, lẹ́yìn náà ni ayùn tó wọ̀ ọ́, tí ó fi fáìlì ha á, tí ó fi sáńpépà dán an títí ọwọ́ ènìyàn fi ń yọ̀ lára rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba nígbà tí ó tò wọ́n sílẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé bí oníbàárà kò bá sọ̀rọ̀, góòlù ni yóò kun ún, nítorí góòlù ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Nítorí náà, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í bóyá igi náà gbẹ dáadáa, nítorí igi tútù yóò là nígbà ọyẹ́. Ẹ ní kí ó fi ìwọ̀n ara yín ṣe gíga ìjókòó, kí ẹsẹ̀ yín lè kan ilẹ̀. Kí ẹ sì ní kí ó rán aṣọ ìbora méjì tí a lè bọ́ fọ̀. Àwọn olówó ilẹ̀ Faransé ayé ìjọ́un pàápàá a máa pààrọ̀ aṣọ àga bí ìgbà bá ti yí padà, ọ̀tọ̀ ni ti òtútù, ọ̀tọ̀ ni ti ooru. Àwa pẹ̀lú lè fi aṣọ aláwọ̀ dúdú díẹ̀ bò ó nígbà ọyẹ́ tí eruku ń fò, kí a sì fi òwú funfun tàbí adìrẹ bò ó nígbà tí òjò bá ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́.

Àwọn tí wọ́n bí ní ilẹ̀ tí a wà yìí náà ní ohun tí ojú Faransé ti rí. Ní Suleja, tí ó ń jẹ́ Abuja kí ìjọba àpapọ̀ tó gba orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun, ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ sì ni Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, ti mọ àwọn ìkòkò omi ńláńlá tí ó fín alángbá àti àkéekèe sí lára. Ó mọ irú ìkòkò yẹn lójú àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé àti ní Jámánì, ọwọ́ lásán ló fi mọ ọ́n, ó ń rìn yí i ká. Ní Bida, àwọn Tápà ń gbẹ́ àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo, wọ́n ń lu idẹ, àwọn Masaga, oníṣẹ́ ìgò ìlú náà, sì ń yọ́ ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ní àwọn ọdún 1920, Pierre Legrain ní Paris ń wo àpótí ìjókòó ilẹ̀ Áfíríkà fi ṣe tirẹ̀ fún Jacques Doucet, ọ̀kan nínú àwọn olówó tí ó mọ ohun dáradára jù ní ìlú náà. Ẹni tí ó bá gbé àpótí Bida sí ẹ̀gbẹ́ àga Louis kẹrìndínlógún ní pálọ̀ rẹ̀ ní Jikpan kò ṣe àṣìṣe kankan, bí ó bá jẹ́ pé ohun méjèèjì ni ó wù ú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, èyí tí àwọn ìwé kì í sábà sọ. Ilé kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ọkọ bá fẹ́ góòlù, tí aya sì fẹ́ funfun, kí wọ́n má ṣe pàdé ní agbede-méjì, nítorí ohun tí kò wu ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ni wọn yóò rà. Mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí olúkúlùkù mú ohun kan ṣoṣo tí ẹnì kejì kò ní ṣe awuyewuye lé lórí, kí bàbá mú àga rẹ̀, kí ìyá mú ògiri rẹ̀, kí wọ́n sì jọ fi ẹnu kò lórí ìyókù. Bí ìyá-ìyá bá sì wà nínú ilé, kí wọ́n bi òun náà léèrè, nítorí ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé.